Script gbé fíìmù dé YouTube, àmọ́ òǹwòran ò rí nǹkan kan!

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fíìmù Yorùbá nínú kásẹ́ẹ̀tì àti sídì nígbà kan, orí YouTube ni wọ́n ń pàtẹ sí báyìí. Àmọ́ kéèyàn máa gbé ogójì fíìmù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàhálà ni. Ìyẹn làwọn kan ṣe ń wá ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, kó bá wọn kọ script. Kì í ṣe script táwọn òṣèré ń há sórí o. Àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà lèyí, òun láá máa kó fíìmù lọ, tòun ti àkọlé ẹ̀, kódà bí ọ̀gá ń sùn.

Ibi tọ́rọ̀ ti dójú ẹ̀ rèé. Wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, tó ni YouTube. Èyí tí wọ́n bá sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 2020, tí YouTube ò tíì yẹ̀ wò, gbogbo fíìmù tó bá gbé wọlé, títì pa ni wọ́n ń tì í. Ẹni tó ni ín á rí i, oníbàárà ò ní í rí i. Wọ́n á ti pariwo pé fíìmù jáde lónìí, ojú òpó á wá dá páropáro!

Ẹ̀bẹ̀ ò sì ṣí i o. Àfi kí wọ́n tún un gbé, yálà lórí YouTube fúnra ẹ̀ tàbí pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí.

Nítorí náà, kí olówò fíìmù tó sanwó, kó bèèrè pé, "Ṣé YouTube ti yẹ èyí wò?" Kó fi ẹyọ fíìmù kan dán an wò ná, kó ní kí ẹlòmíì wá a lórí fóònù tiẹ̀. Tónítọ̀hún ò bá rí i, kó dá iyókù dúró.