Gáà àti Àwọn Tí Ó Sọ Ìtàn Rẹ̀

“Bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ láti 1754 títí di 1774, ti di orúkọ ìkà. Abíọ́dún, Aláàfin tí ó ṣẹ́gun rẹ̀, sì di ọba tí ìlú tòrò ní ìgbà tirẹ̀. Ìwé tí ó fi ìdájọ́ náà múlẹ̀ ni ti Samuel Johnson. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lẹ́yìn tí a fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ẹnu ta ni Johnson ti gbọ́ ìtàn náà. Àwọn arókin Ọ̀yọ́ wà lára wọn, ààfin ni àwọn wọ̀nyí sì ń sìn. Johnson tìkára rẹ̀, ìran Abíọ́dún ni. Ta ni yóò wá ro ti Gáà? Johnson náà ni ó sọ bí a ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri. Yorùbá sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà!

Kì í ṣe pé Gáà kò pa ọba. Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, òfin sì fún wọn lágbára láti kọ ọba, kí ọba náà sì kú. Archibald Dalzel, tí ó tẹ ìwé ìtàn Dàhòmì jáde ní 1793, kọ ọ́ pé ní 1774 a gbé ẹyin odídẹrẹ́ fún ọba Ọ̀yọ́, tí ọba sì kọ̀ ọ́. Ìjà lórí àṣẹ ìlú ni èyí jọ, kì í ṣe ìwà burúkú ọkùnrin kan ṣoṣo. Ojú yìí ni I. A. Akínjógbìn fi wò ó ní 1966, tí Robin Law náà sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 1977.

Àlàáfíà Abíọ́dún ńkọ́? Ní ìgbà rẹ̀ ni òwò ẹrú Ọ̀yọ́ gbilẹ̀ ní èbúté Àjàṣẹ́. Ní 1783 pẹ̀lú, ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ikú Gáà, àwọn ará Ìbàrìbá ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́.