Ṣé Ó Yẹ Ká Gbé Ọmọ Kékeré Lọ sí Lomé ní Ìsinmi Ilé-Ìwé?

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ pa pọ̀ lónìí. Ilé-ìwé máa tó tì, àwọn ọmọ á máa béèrè pé, "Ìgbà wo la máa lọ rí òkun?" Àbúrò yín tó wà ní Lomé náà á pè pé kí ẹ kó àwọn ọmọ wá kí wọn. Ohun tó dáa ni, torí ó yẹ kí ọmọ mọ ẹbí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó pọn ọmọ ọdún kan sẹ́yìn, tó tún fa ti ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìrìn àjò yìí bá ọmọ mi lára mu, àbí èmi nìkan ló wù?

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe rí. Láti Kambolé, ẹ ó dé Tchamba, ẹ ó tún wọkọ̀ dé Sokodé. Láti Sokodé, títì ńlá máa gba Sotouboua, Blitta, Atakpamé, Notsé àti Tsévié kọjá kó tó wọ Lomé. Sokodé sí Lomé nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 340. Ọjọ́ kan gbáko nìyẹn lójú ọmọdé, nínú ooru, nínú ọkọ̀ tó kún.

Ní òkè òkun, àwọn ìdílé kan máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ ṣe ìsinmi, bí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí etíkun Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyẹn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, torí pé bí àìsàn bá dé lórí omi, ilé ìwòsàn jìnnà. Ní ibùdókọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ̀yin òbí lẹ máa bi ara yín.

Ọjọ́ orí ọmọ

Ọmọ tuntun tí kò tíì gba àbẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó dúró sílé bí kò bá sí ọ̀ràn kánjúkánjú. Èrò inú ọkọ̀ ń wúkọ́, wọ́n ń sín, ara ọmọ náà kò sì tíì le.

Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, oúnjẹ rẹ̀ kò ní wàhálà. Ọmú ìyá ni oúnjẹ, òun náà ni omi. Ẹ má ṣe tìtorí ooru fún un ní omi mìíràn. Ẹ kàn máa fún un lọ́mú léraléra, kí ìyá náà sì máa mu omi dáadáa.

Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ló le jù. Kò fẹ́ jókòó, ohun tó bá rí lá kì bọ ẹnu, kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún. Bó bá jẹ́ ìgbádùn lásán lẹ ń bá lọ, ọmọ yìí kò ní rántí òkun lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nílé tó lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa, tí ọmọ náà sì ti kúrò lẹ́nu ọmú, kò burú kó dúró.

Ọmọ ọdún márùn-ún sókè lè gbádùn rẹ̀. Ó lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì máa rántí ohun tó rí.

Oògùn ibà tó ń wá bá wa nílé

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn án. Ní àkókò òjò, láti oṣù keje lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń lọ láti ilé dé ilé ní agbègbè Centrale tiwa, ní Kara àti ní Savanes, láti fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta títí di àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ń fún un lọ́jọ́ kìíní, ìyá á fún un lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Ó ń ṣọ́ ọmọ fún bí ọjọ́ 28, wọ́n á sì tún padà wá.

Wọn kì í pín oògùn yìí bẹ́ẹ̀ ní Lomé. Ọmọ tí ẹ bá gbé lọ ṣáájú ọjọ́ pípín ti pàdánù rẹ̀, ní ìgbà tí ẹ̀fọn pọ̀ jù lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó mú ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera abúlé yín léèrè ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba tirẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ fẹ́ gbéra, ẹ mú oògùn tó kù dání. Ẹ sì ká àpò ẹ̀fọn yín sínú ẹrù, torí ẹ̀fọn wà ní Lomé náà.

Ẹ tún yẹ ìwé àjẹsára ọmọ wò. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́sàn-án yẹ kó ti gba àbẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú. Bí èyíkéyìí bá kù, ilé ìwòsàn lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibùdókọ̀.

Lójú ọ̀nà

Ẹ gbéra ní ìdájí, ẹ má rìn lóru. Nínú ọkọ̀, ẹ tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, torí bí dírẹ́bà bá tẹ búrékì lójijì, ìyá lè fi ẹ̀yìn tẹ ọmọ mọ́ àga. Ẹ gbé e sórí itan, ní àga ẹ̀yìn, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó má sì wà níwájú. Bí dírẹ́bà bá dúró jẹun, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bó tilẹ̀ ń sùn. Oòrùn máa ń sọ inú ọkọ̀ di ààrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èébì ọkọ̀ kì í sábà mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń mú. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fún wọn ní nǹkan olóròóró, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn ní ibùdókọ̀.

Ẹ gbé omi àti oúnjẹ láti ilé. Ẹ mú ọṣẹ dání. Ẹ ra pákẹ́ẹ̀tì SRO méjì. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po pákẹ́ẹ̀tì kan sínú lítà omi mímọ́ kan, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí i, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, nínú lítà omi kan. Ẹ má dá ọmú dúró.

Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò mu nǹkan mọ́, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń sùn tí ẹ kò lè jí i, ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká dé ná." Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú tó súnmọ́ jù, ẹ wá ilé ìwòsàn. Ibà tó bá mú ọmọ lónìí, kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí tàbí lọ́la.

Òkun àti ìwé

Òkun Lomé lẹ́wà, àmọ́ ó lágbára. Omi náà jìn lójijì, ìgbì sì máa ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú odò kò mọ ti òkun. Kó wò ó, kó fi iyanrìn ṣeré, kí àgbàlagbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnì kan pàtó ni o, torí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kankan.

Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání. Láti ọdún 2005 ni òfin Togo ti ń bá àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò jà, ọlọ́pàá sì lè béèrè ta ló ni ọmọ tí ẹ gbé. Bó bá jẹ́ àǹtí tàbí aládùúgbò ló ń mú un lọ, kí òbí kọ ìwé àṣẹ, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun lọ́mọ láìsí ìwé, láìsí àdírẹ́sì, ẹ má gbà fún un.

Owó ńkọ́?

Ẹ má ka owó ọkọ̀ àlọ nìkan. Ká ní ẹnì kan ń san 5,000 fráǹkì láti ilé dé Lomé. Ẹni mẹ́rin, 20,000. Àlọ àti àbọ̀, 40,000. Ẹ fi oúnjẹ ojú ọ̀nà kún un, ẹ fi ẹ̀bùn ẹni tó gbà yín lálejò kún un, ẹ sì ya owó ilé ìwòsàn sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó ìwé àti aṣọ ilé-ìwé tó ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Bí owó àjò bá máa jẹ owó ìwé, ẹ lọ sí Sokodé dípò Lomé. Àǹtí wà níbẹ̀, ọjà ńlá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀, ẹ sì lè padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé: fún ọmọ ọdún márùn-ún sókè tí ara rẹ̀ dá, tí owó sì wà, ẹ lọ. Fún ọmọ kékeré, ẹ lọ bí ọ̀ràn ẹbí bá pè yín, kẹ́ ẹ múra dáadáa. Bó bá jẹ́ òkun nìkan, òkun kò ní gbẹ. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá pín oògùn ibà ní abúlé yín? Ta ló máa bá wa béèrè?
2. Ọmọ mélòó nínú ilé yín ni ìwé àjẹsára wọn kò pé?
3. Bí ìyá kan bá fẹ́ rìnrìn àjò, ta ló lè bá a tọ́jú ọmọ tó kù sílé?

Ẹ jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ó dìgbà o. Ẹni tó ń lọ, á lọ ire, á bọ̀ ire.