Káàdì Wà Lọ́wọ́, Ilẹ̀kùn Dókítà Ńkọ́?

Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí kan ń pe ọ́fíìsì àwọn dókítà amọ̀ṣẹ́ pàtó tó ń tọ́jú ọmọdé lórí fóònù ní Cook County, àgbègbè tí ìlú Chicago wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe bí ìyá ọmọ. Ọ̀kan ní gìrì ń mú ọmọ òun, òmíràn ní apá ọmọ òun kán, ti òmíràn ásímà ni. Nígbà tó tó bí oṣù kan, wọ́n tún pe ọ́fíìsì kan náà, wọ́n ka àìsàn kan náà. Káàdì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Nínú ìpè kan, iléeṣẹ́ adójútòfò aládàáni ni yóò sanwó ọmọ náà. Nínú èkejì, ìjọba ni.

Ọ́fíìsì 273 ni wọ́n pè. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpè tí wọ́n fi káàdì ìjọba ṣe, 66 ni wọn kò fún láyè rárá. Ti aládàáni, 11 péré. Níbi tí wọ́n ti gba méjèèjì, ọmọ tálákà fi ìpíndọ́gba ọjọ́ 22 dúró ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 22, fún ọmọ tí gìrì ń mú!

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní adójútòfò. Láti 1965 ni Medicaid, adójútòfò ìlera ti ìjọba, ti wà fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Ní 1997, CHIP tẹ̀ lé e, fún ọmọ tí owó òbí rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti Medicaid lọ. Nǹkan bí ọmọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà ló wà lábẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n dókítà aládàáni ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì sí òfin tó ní kó gba káàdì náà tipátipá. Òun náà ń san owó ilé, ó ń san owó nọ́ọ̀sì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí Medicaid yóò san fún un, owó náà sì sábà máa ń kéré sí ohun tí ètò àwọn àgbàlagbà, Medicare, ń san fún iṣẹ́ kan náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó náà gbọ́dọ̀ tó láti rí dókítà tó pọ̀ tó. Nínú ìwé ló dára sí. Ẹni tí wọ́n ti dá káàdì adójútòfò padà fún rí ní Nàìjíríà kò ní bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Owó nìkan kọ́ ló ń lé dókítà. Bí akọ̀wé bá ṣe àṣìṣe kékeré nínú ìwé owó, wọ́n lè dá a padà, kí owó sì pẹ́. Kó tó di 2024, bí òbí bá ṣe iṣẹ́ àṣekún lóṣù kan, káàdì ọmọ lè kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, dókítà á sì ti ṣiṣẹ́ tán.

Ohun tó mú un dá mi lójú jù pé ọ̀rọ̀ yìí ní àtúnṣe ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láàárín 1989 sí 1991, èèyi jà ní Amẹ́ríkà: ó mú nǹkan bí 55,000 ènìyàn, ó pa ju 120 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó kó o ti dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, wọn kò sì gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wọ́n, dókítà tí kò fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á sílẹ̀ á ní kí ìyá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ìyá á dúró dìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá tún fún un láyè níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń kú sí. Ní 1994, ètò Vaccines for Children bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ra abẹ́rẹ́, ó gbé e dé inú fíríìjì dókítà aládàáni lọ́fẹ̀ẹ́. Orí ibùsùn tí wọ́n ti yẹ ọmọ wò náà ni wọ́n ti ń fún un. Wọ́n gbé ẹrù kúrò lọ́rùn dókítà, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Àwọn àtúnṣe mìíràn wà. Ní 2013 àti 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé owó àwọn dókítà ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tó ń tọ́jú aláìsàn Medicaid sókè dé ti Medicare. Ọdún méjì náà parí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Colorado, ètò kan bá ọ́fíìsì dókítà yanjú wàhálà ìwé owó, ó sì bá ìdílé wá ọkọ̀ àti ìrànlọ́wọ́. Láti oṣù kìíní 2024, òfin ní kí káàdì ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19 má kú kí oṣù 12 tó pé, bí owó òbí tilẹ̀ gòkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Chicago tàbí Houston, ẹ sọ fún wọn: kò sí àkókò pàtó fún ìforúkọsílẹ̀ Medicaid àti CHIP, gbogbo ọdún ni. Bí dókítà kan bá kọ̀, kí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, kí wọ́n bèèrè dókítà ọmọdé tó ń gba aláìsàn tuntun. Bí wọn kò bá ní ọkọ̀, kí wọ́n bèèrè ìyẹn náà: Medicaid ń san owó ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.