Gbèsè Ẹyin: Bí Adìẹ Ṣe Ń Yá Kálísíọ́mù Lọ́wọ́ Egungun Rẹ̀



Bí ẹ bá wọ ilé adìẹ ní òwúrọ̀, tí ẹ sì bá adìẹ kan tí ó yé ẹyin lánàá ní ìdùbúlẹ̀, tí kò lè dìde, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tí ó sì ń jẹun bí a bá gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn, ẹ má ṣe yára pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ má sì ṣe kó gbogbo adìẹ yín lọ sí ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Ó lè jẹ́ pé egungun adìẹ náà ni ó ti ń san gbèsè tí oúnjẹ rẹ̀ kò san. Ìwé yìí yóò ṣàlàyé bí gbèsè náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń pàṣẹ pé kí a san án, àti bí àgbẹ̀ ṣe lè dènà rẹ̀.

Ohun tí ẹyin kan ń gbà

Èèpo ẹyin kan ní kálísíọ́mù tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 2. Gbogbo kálísíọ́mù tí ó wà nínú egungun adìẹ kan kò sì ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ. Èyí ni pé ẹyin kan ṣoṣo ń gba ìwọ̀n tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó wà nínú egungun. Bí oúnjẹ kò bá dá a padà, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣírò bí àpò náà yóò ti tètè gbẹ tó.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Èèpo ẹyin ń gba nǹkan bí wákàtí 18 sí 20 kí ó tó dì tán, òru ni a sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àkókò náà adìẹ ti wọ̀, kò jẹun mọ́, oúnjẹ inú ìfun rẹ̀ sì ń tán lọ. Níbo ni yóò ti rí kálísíọ́mù? Inú egungun ni.

Àká tí ó wà nínú egungun

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọge adìẹ tó yé ẹyin àkọ́kọ́, họ́mónù kan tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó ń mú kí egungun rírọ̀ kan hù sí inú ihò egungun ẹsẹ̀. Egungun yìí kì í gbé ara ró. Àká ni, bí àká tí a ń kó àgbàdo sí de ìgbà ọ̀wọ́n. Láti ìgbà náà títí adìẹ yóò fi sinmi ẹyin, kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ egungun líle tí ń gbé ara ró mọ́. Ohun tí ó bá ní nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yé ni yóò máa ná.

Àwọn tí ń mọ egungun àti àwọn tí ń tú u

Egungun kì í ṣe òkúta tí kò yí padà. Àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Oríṣi kan ń mọ egungun; a ó pè wọ́n ní amọ-egungun. Oríṣi kejì ń tú u. A ó pè wọ́n ní atú-egungun. Inú ìdílé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ ni atú-egungun ti ń wá. Púpọ̀ nínú wọn a para pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí ó ní kóró púpọ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ egungun, yóò tú omi kíkan sí i, egungun yóò sì yọ́, kálísíọ́mù rẹ̀ yóò sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n atú-egungun kì í dìde fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1997 sí 1998, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Japan rí àmì tí ń pè é. Orúkọ àmì náà ni RANKL. Amọ-egungun wà lára àwọn tí ń gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé kọ́kọ́rọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí yóò di atú-egungun ní àgádágodo kan lára, tí a ń pè ní RANK. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọ àgádágodo yìí, àṣẹ yóò dé inú sẹ́ẹ̀lì náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí di atú-egungun.

Amọ-egungun kan náà tún ń tú ohun mìíràn jáde, èyí tí a ń pè ní OPG. Àgádágodo ẹ̀tàn ni èyí. Kọ́kọ́rọ́ tí ó bá há sínú rẹ̀ kò lè ṣí èyí tí í ṣe tòótọ́. Nítorí náà, bí RANKL bá pọ̀ ju OPG lọ, a ó tú egungun. Bí OPG bá borí, egungun yóò ní ìsinmi.

Nígbà tí kálísíọ́mù bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké kan ní ìsàlẹ̀ ọrùn yóò tú họ́mónù tiwọn jáde. Họ́mónù yìí ń mú kí RANKL pọ̀ sí i, kí OPG sì dínkù. Bí òru bá ti ń ṣú tí oúnjẹ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ títú yóò máa le sí i. Atú-egungun kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àká àti òpó ilé: bí ó ti ń tú egungun rírọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa bu egungun líle jẹ. Ìdí nìyí tí adìẹ tí ń yé púpọ̀ fi ń di ẹlẹ́gungun ẹlẹgẹ́, pàápàá nínú àgò tí kò ti lè rìn.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ má ṣe fún ọmọ adìẹ ní oúnjẹ adìẹ tí ń yé. Kálísíọ́mù inú rẹ̀ pọ̀ jù fún un, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ti tó o.

2. Nígbà tí ìyẹ́yin bá kù sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi kálísíọ́mù kún un, kí àká lè kún.

3. Oúnjẹ adìẹ tí ń yé gbọ́dọ̀ ní kálísíọ́mù ìdá 3.5 sí 4 nínú 100. Adìẹ kan nílò nǹkan bí gíráàmù 4 lójúmọ́.

4. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fún wọn ní ìkarahun ìgbín tàbí ìṣáwùrú tí a ti fọ̀, tí a sá gbẹ, tí a sì gún. Ẹ má ṣe gún un kúnná. Kí ó tóbi tó wóró ọkà bàbà, nítorí pé irú èyí ń pẹ́ nínú iwe, ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ní òru, nígbà tí a nílò rẹ̀ gan-an.

5. Ẹ rí i pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti fítámì D wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀lẹ́ egungun tí a sè tí a sì lọ̀ ń fúnni ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Oòrùn sì ń ran adìẹ lọ́wọ́ láti ṣe fítámì D.

6. Ẹ jẹ́ kí ọmọge adìẹ rìn, kí ó sì máa fò sórí igi ìwọ̀sí. Egungun tí a ń lò ni ó ń le.

Bí adìẹ kan bá ti dùbúlẹ̀

Ẹ gbé e kúrò nínú àgò sí orí ilẹ̀ tí a fi eérú pákó tẹ́. Ẹ gbé omi, oúnjẹ àti ìkarahun sí ibi tí ọrùn rẹ̀ lè dé. Púpọ̀ nínú irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ni ó ń dìde láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje, bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí adìẹ púpọ̀ bá ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn baba wa ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹni tí ó ń kó ẹyin lójoojúmọ́ tí kò dá ìkarahun padà, inú egungun adìẹ ni ó ti ń jẹ. Ẹ san gbèsè náà ní ìrọ̀lẹ́, kí adìẹ má bàa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án ní òru.