Ṣé O Mọ̀? Òótọ́ Tó Yẹ Kí O Gbọ́ Kí O Tó Fọwọ́ Sí Pláànù Ilé Rẹ

Bí ìlà kan kò bá tọ́ lórí ìwé, rọ́bà la fi ń pa á rẹ́. Bí ìlà náà bá ti di ògiri, òòlù ló kù, owó ló sì máa gbé òòlù náà wá. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn òótọ́ wọ̀nyí jọ fún ẹni tó ń múra láti kọ́lé tí tọkọtaya, ọmọ àti òbí yóò jọ máa gbé. Ilé tó tóbi kọ́ ló ń tuni lára. Ilé tí a ti ro bí a ó ṣe máa gbé inú rẹ̀ kí a tó fa ìlà kankan ni.

Ilẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò fún ọ ní ẹsẹ̀ bàtà 60 láti fi kọ́lé? Ní mítà, pulọ́ọ̀tì yẹn jẹ́ nǹkan bí 18 sí 36. Bí òfin àdúgbò rẹ bá ní kí o fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mítà 12 ló kù ní ìbú. Inú mítà 12 yìí ni yàrá, ògiri àti ọ̀nà àárín ilé gbọ́dọ̀ gbà. Ìwé sọ́fè àti òfin yìí ni kí ayàwòrán ilé kọ́kọ́ rí, kó tó wo fọ́tò ilé tí o rí lórí fóònù.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́fíìsì tó ń fúnni ní àṣẹ pláànù ní Ìpínlẹ̀ Èkó yàtọ̀ sí èyí tó ń bójú tó ìkọ́lé? LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò bí ilé ti ń gòkè. Òfin ọdún 2010 ló gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀. Bí o bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wádìí ọ́fíìsì tó ń ṣe é níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó kéré tán, mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn láàárín omi mímu àti sókáwéè? Lórí pulọ́ọ̀tì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, láti igun kan dé igun tó jìnnà sí i jù lọ kò ju nǹkan bí mítà 40 lọ. Bí bohóòlù bá wà níwájú lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn lápá òsì ni sókáwéè ń lọ. Béèrè ibi tí ti aládùúgbò wà pẹ̀lú, nítorí sókáwéè tirẹ̀ lè sún mọ́ omi rẹ ju tìrẹ lọ.

Oòrùn àti afẹ́fẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló ń jẹ oòrùn ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́? Ooru tí búlọ́ọ̀kù bá mu lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń tú u sínú yàrá. Má fi yàrá àwọn ọmọ síbẹ̀. Balùwẹ̀, sítọ́ọ̀ àti àtẹ̀gùn ni kó gba ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá gbà, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù.

Ṣé o mọ̀ pé láti orí òkun, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ni afẹ́fẹ́ olójò ti ń fẹ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ọyẹ́ sì ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá? Fèrèsé tó bá gba afẹ́fẹ́ òkun yẹn wọlé yóò tu ilé lára. Ṣùgbọ́n etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ jáde dáadáa lókè rẹ̀, kí ìjì òjò má baà máa da omi sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé o mọ̀ pé fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ? Gíláàsì kan máa ń wà lẹ́yìn èkejì ni. Fèrèsé tí a ń tì síta àti ti lúfà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Bí o bá yan èyí tí a ń fà, sọ ọ́ di ńlá, torí ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé fèrèsé méjì lára ògiri kan kì í gbé afẹ́fẹ́ kọjá tó fèrèsé méjì tó dojú kọra wọn? Afẹ́fẹ́ tí kò bá rí ọ̀nà jáde kì í fẹ́ wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò lóòórùn, tí kò sì láwọ̀, tó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun? Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ya àyè rẹ̀ sínú pláànù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o kò bá yà á, abẹ́ fèrèsé ẹnìkan ni yóò bọ́ sí.

Ohun tí àwọn tó ṣáájú mọ̀

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ ooru kí fáànù tó dé? Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká. Yàrá kéékèèké wà lẹ́yìn fún oorun àti ẹrù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn fún iṣẹ́, àlejò àti ọ̀rọ̀ ẹbí. Àárín ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni omi òjò ń ti orí òrùlé ṣàn sí, tí wọ́n ń gbè é sínú ìkòkò. Ìyá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rí gbogbo ọmọ tó ń ṣeré.

Ṣé o mọ̀ pé ó lé ní ọdún 600 sẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀? Wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, etí lókè, ó sì ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà dé ní ọ̀rúndún 19 ló tan irú ilé mìíràn kálẹ̀ láti Pópó Àgùdà ní Èkó? Ilé wọn ní ọ̀nà tóóró láàárín, yàrá ń bẹ lọ́tùn-ún, yàrá ń bẹ lósì. Ilé João Esan da Rocha ní òpópónà Kakawa, tí wọ́n ń pè ní Water House, wà nínú ilé àwọn Àgùdà tó lókìkí jù. Irú ìlà yìí náà ló wá di ilé fẹ́ẹ̀sì-mi-àì-fẹ́ẹ̀sì-yú tó kún ìlú wa. Ọ̀nà àárín gba ipò àgbàlá, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ sì dínkù. Bí pulọ́ọ̀tì rẹ bá gbà á, àgbàlá kékeré láàárín ilé ṣì lè ṣe iṣẹ́ tó ṣe nígbà náà.

Yàrá àti ilẹ̀kùn

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà àárín ilé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.2, gba ilẹ̀ tó yàrá mítà 3 sí 4? O ti san owó ìpìlẹ̀, táìlì, sílìn àti páànù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní sùn síbẹ̀. Sọ fún ayàwòrán ilé pé kó kó àwọn ilẹ̀kùn jọ sójú kan, kí ọ̀nà náà kúrú.

Ṣé o mọ̀ pé yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 há fún bẹ́ẹ̀dì 6 sí 6 àti wọ́díróòbù? Bẹ́ẹ̀dì gba 6, wọ́díróòbù gba 2, ó ku 2 láàárín wọn. Ilẹ̀kùn wọ́díróòbù nìkan lè gba àyè yẹn tán. Wọn bẹ́ẹ̀dì tí o ní nílé báyìí, kí o tó gbà pé yàrá kan tó.

Ṣé o mọ̀ pé yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lórí ìwé lè má pé 12 nígbà tí ilé bá parí? Bí wọ́n bá ti àárín ògiri kan wọ̀n ọ́n dé àárín èkejì, búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ti mú íǹṣì 4 ààbọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 3 ló kù, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán: inú ògiri sí inú ògiri ni, àbí àárín sí àárín?

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó ń ṣí síta lè gba ẹ̀mí là? Bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e.

Ṣé o mọ̀ pé irin ojú fèrèsé tó ń dá olè dúró ń dá onílé náà dúró bí iná bá sọ? Jẹ́ kí ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ilé ìdáná

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìdáná kékeré lè sàn ju ńlá lọ? Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán ilé ará Austria, ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tuntun ìlú Frankfurt ní Jámánì. Kò ju mítà 1.9 sí 3.4 lọ. Ó kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó àti ìrìn tó ń gbà, kó tó to àwọn nǹkan sí àyè wọn. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ alásè ń lọ tí ó ń bọ̀: ibi tí a ti ń fọ abọ́, ibi iná àti ibi fíríìjì? Ní àwọn ọdún 1940, àwọn olùwádìí Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà fi ìwádìí wọn mú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Bí o bá wọn ọ̀nà láti ibi kan sí èkejì yí ká, kí àpapọ̀ rẹ̀ má ju nǹkan bí mítà 8 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìdáná tiwa ń ṣe iṣẹ́ tí ti Frankfurt kò ṣe? Odó àti ọmọ odó ń fẹ́ ilẹ̀ tó le. Àpò gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ń fẹ́ sítọ́ọ̀ tó gbẹ. Ìkòkò ńlá ọjọ́ ìkómọjáde ń fẹ́ ìdí àrò lẹ́yìnkùlé, abẹ́ òrùlé, nítòsí ẹ̀rọ omi. Fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí ilé ìdáná, kí alásè má baà máa gbé ìkòkò gbígbóná gba pálọ̀ kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ? Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, tí yóò sì kó jọ síbẹ̀. Ìta ni sìlíńdà yẹ kó wà, nínú àgò onírin tí afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Páìpù nìkan ni kó wọlé.

Omi

Ṣé o mọ̀ pé omi lítà 1,000 wúwo tó kílò 1,000? Bí o bá fẹ́ gbé táǹkì méjì sórí dẹ́kìn, kí ẹnjiníà gbọ́ kí ó tó ṣírò irin àti òpó.

Ṣé o mọ̀ pé òjò mílímítà 50 lórí òrùlé tó gba ilẹ̀ mítà 10 sí 15 jẹ́ lítà 7,500? Bí pláànù kò bá sọ ibi tí yóò gbà, ìdí ìpìlẹ̀ ni yóò máa wọ́ lọ. Bí ó bá sọ ọ́, omi ìfọṣọ ti dé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè tó wà lórí ti ìsàlẹ̀ gan-an ń dín owó kù? Páìpù kan yóò sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí ó bá sì jò lọ́jọ́ kan, kì í ṣe orí pálọ̀ ni yóò jò sí.

Òkè, ìsàlẹ̀ àti ọjọ́ iwájú

Ṣé o mọ̀ pé láti gun mítà 3, o nílò nǹkan bí ìgbésẹ̀ 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 16 sí 17? Bí àtẹ̀gùn náà bá lọ tààrà, ó ń gba nǹkan bí mítà 5 ilẹ̀. Bí wọ́n bá há a mọ́ ibi tó kù, yóò ga gọ́gọ́, ọmọ àti àgbà ni yóò sì máa ṣubú níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ aláìlera nílò ẹnu ọ̀nà tó ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 80, àti àyè mítà 1.5 láti yí padà? Yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ìyá tó wá wẹ ọmọ tuntun yóò sùn níbẹ̀. Bàbá tí orúnkún ń dùn yóò sùn níbẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ìwọ náà yóò sùn níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣírò fún búńgálò kì í ṣe ìpìlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì? Bí o bá ní in lọ́kàn láti fi òkè kún un lọ́jọ́ iwájú, òní ni kí ẹnjiníà mọ̀, kí àtẹ̀gùn sì ti ní àyè tirẹ̀ lórí ìwé.

Ohun tó kù fún ọ

Ṣé o mọ̀ pé o lè rìn nínú ilé rẹ kí o tó kọ́ ọ? Gbé okùn, ẹ̀kàn àti ìwọ̀n lọ sórí ilẹ̀. Fi eérú fa ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú pláànù. Mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ dání, mú àwọn ọmọ, mú ìyá bí ó bá lè wá. Kí kálukú dúró sí ibi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kí ẹni tó ń dáná rìn láti ibi iná dé ibi tí a ti ń fọ abọ́. Kí ẹnìkan ṣe bí ẹni ń ti ọjà dé tó gbé ẹrù wọlé. Ohun tó bá ni wọ́n lára lórí eérú yóò ni wọ́n lára ní ilọ́po mẹ́wàá nínú ògiri.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Wá ayàwòrán ilé tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, san owó rẹ̀ tọkàntọkàn, kí o sì sọ bí ẹ ṣe ń gbé fún un láì fi ohun kankan pamọ́. Má fọwọ́ sí pláànù kankan tí àwọn tí yóò gbé inú ilé náà kò tíì rí.