Ṣé o mọ̀? Obìnrin tó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Nàìjíríà

Jadesola Akande ni. Ní 1979 ló tẹ ìwé jáde lórí àwọn òfin àti àṣà tó kan ipò obìnrin nílẹ̀ yìí.

Ohun tó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí pọ̀ lóòótọ́. Bí àpẹẹrẹ, ní Àríwá, abala 55 nínú Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ibẹ̀, gba ọkọ láyè láti na ìyàwó rẹ̀ láti fi bá a wí, bí àṣà wọn bá ti fàyè gbà á, tí kò sì ṣe é léṣe gidi.

Akande di gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní 1989, ó sì tún dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Nígbà tó kú ní 2008, abala 55 ṣì wà nínú ìwé òfin.