Alábàárù Tó Ń Ka Ìwé Méjì

Ẹ jẹ́ ká pa kọ̀ǹpútà tì ná, ká gba ọjà lọ. Alájà kan háyà odindi ọ̀wọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ olórí ọjà, ó sì pín in fún àwọn oníṣòwò. Láti orí ení ni kálukú ti ń ka ìsọ̀ tirẹ̀. Ìyá onígaàrí wá ní kí alábàárù gbé àpò lọ sí "ìsọ̀ mi kẹta". Ẹ̀kẹta wo? Ìwé Alájà ní ìsọ̀ ogún nínú ọ̀wọ́ òun ni. Ogún wo? Ìwé olórí ọjà ló mọ̀ pé 715 ni.

Bí Windows ṣe ń gbé inú kọ̀ǹpútà tí Linux ti jẹ́ onílé nìyẹn. Áàpù ni onígaàrí, kernel (ọkàn ètò) Windows ni Alájà, kernel Linux ni olórí ọjà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sì ni alábàárù. Àyè inú ìrántí kọ̀ǹpútà ni ìsọ̀; ìsọ̀ kan gba báìtì 4,096. Alájà tiwa yìí ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun háyà ni. Ó rò pé òun ló lọjà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ VMware kọ́kọ́ gbé ètò tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe jáde ní 1999, ńṣe ni ètò náà ń bá olórí ọjà yọjú wo ìwé Alájà, tó ń da méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan fún alábàárù. Ó dáa, àmọ́ bí Alájà bá yí nǹkan padà, iṣẹ́ á dúró títí wọ́n á fi tún ìwé àpapọ̀ náà kọ.

Àwọn tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, AMD ní 2007, Intel ní 2008, wá kọ́ alábàárù láti máa ka ìwé méjèèjì fúnra rẹ̀. Olórí ọjà sinmi. Àmọ́ ibi tó ta kókó rèé: inú ìsọ̀ ni ìwé Alájà fúnra rẹ̀ wà, nọ́ńbà Alájà ló sì fi ń pe ìsọ̀ ọ̀hún! Kí alábàárù tó lè ṣí i, àfi kó kọ́kọ́ wo ìwé olórí ọjà. Ipele mẹ́rin-mẹ́rin sì ni ìwé kọ̀ọ̀kan. Fún ipele Alájà kan, yóò ṣí ti olórí ọjà lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó ka ti Alájà lẹ́ẹ̀kan. Lórí ipele mẹ́rin, ogún nìyẹn. Ó tún ku mẹ́rin kó tó rí ìsọ̀ gaàrí gan-an. Ìgbà 24, nítorí àpò kan!

Ohun tó ń gba alábàárù là ni pé ó máa ń rántí ibi tó ti dé, kì í tún ṣíwèé. Àmọ́ ohun tórí rẹ̀ lè gbà ò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wó ògiri láàárín ìsọ̀ 512, tí wọ́n sọ ọ́ di gbọ̀ngán mẹ́gábáìtì méjì. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́dọ̀ Alájà àti lọ́dọ̀ olórí ọjà, ipele kan á yọ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, 24 á di 15.